Níbi Tí Omi Méjì Ti Pàdé: Ọjọ́ Kan Lójú Odò ní Lọ́kọ́ja



 

Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Okene tàbí ọ̀nà Kabba lọ sí Àbújá rí, ẹ ó ti kọjá ní Lọ́kọ́ja. Ẹ ó ti rí omi ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún yín, bóyá ẹ tilẹ̀ ti ra ẹja gbígbẹ lẹ́bàá ọ̀nà kí dírẹ́bà tó tún tẹná sọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló ti sọ̀ kalẹ̀ láti wo ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti di ọ̀kan? Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo ti fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀sìn Islam ní ìlú náà kí n tó fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ kíláàsì mi kan ló jí mi lójú oorun. A ń ka Súrátù Rahmān lọ́jọ́ náà, a sì dé ibi tí Ọlọ́hun ti mẹ́nu ba omi méjì tó ń pàdé, tí ìdènà wà láàárín wọn, àti lúùlúù òun iyùn tó ń ti inú wọn jáde. Ọmọ náà na ọwọ́ sókè, ó ní: "Alfa, ṣé omi tiwa ní Lọ́kọ́ja níbí ni? Bí ó bá jẹ́ òun ni, ibo ni iyùn rẹ̀ wà?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé n kò lè ṣàpèjúwe omi tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ìdáhùn Tí Mo Lọ Wá

Mo padà sídìí ìwé. Omi dídùn àti omi iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ọya àti Bẹ́núè, omi dídùn ni àwọn méjèèjì. Ní ti iyùn, ohun abẹ̀mí ni. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń gbé pọ̀ nísàlẹ̀ òkun ló ń kọ́ ilé líle síra wọn láti ìran dé ìran títí tí yóò fi dà bí ògiri òkúta. Àwọn tó ń kọ́ ògiri ńlá báyìí ń fẹ́ omi iyọ̀ tó mọ́ gaara, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oòrùn ń wọ̀ dé ìsàlẹ̀, irú èyí tó wà ní Òkun Pupa. Kò lè sí irú rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ní ẹnu ibi tí Ọya ti ń wọ òkun pàápàá, ẹrẹ̀ àti omi dídùn tí odò ń tú síbẹ̀ kò fún un láyè. Ìdí nìyí tí iyùn pupa tí àwọn ọba ń wọ̀ láti ayébáyé fi jẹ́ ọjà òkèèrè. Láti òkun Mẹditaréníà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, tí àwọn ará Pọtogí sì gbé e dé ètíkun wa.

Mo lè sọ èyí fún ọmọ náà kí n sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ìyọnu fún mi. Mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi pé ní àkókò ìsinmi, a ó jọ lọ wo omi náà.

Ẹ̀rù Ìyá Àwọn Ọmọ

Òun kò fẹ́ gbọ́. Ìparí ọdún 2024 ni mò ń wí yìí, ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó àwọn ará wa tí wọ́n jáde nítorí ayẹyẹ Mọ́lúùdì rì lálẹ́ ní Gbajibo, ní agbègbè Mokwa, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Kí oṣù méjì tó pé, òmíràn tún rì, èyí tó gbéra láti Missa ní ìpínlẹ̀ Kogi wa yìí, tó ń kó àwọn ọlọ́jà lọ sí ọjà Katcha. Kí a tún má gbàgbé oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti kàgbákò lóru, tí àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará agbègbè Pàtígi. Wọ́n ní ọkọ̀ náà kún ju bó ti yẹ lọ, ó sì kọlu igi kan tó fara pamọ́ sábẹ́ omi.

Ìyàwó mi ní: "Bàbá wọn, omi wo ni ẹ tún fẹ́ lọ wò? Ṣé ti inú kànga wa kò tó yín wò ni?"

Mo sọ fún un pé àyànmọ́ wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ó fèsì pé òun mọ̀, ṣùgbọ́n Ànábì wa ló kọ́ni pé kí a so ràkúnmí mọ́lẹ̀ kí a tó gbára lé Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ará, ẹni tó fẹ́ ọmọ alfa níyàwó ti fẹ́ olùkọ́! Mo ṣèlérí fún un pé ọ̀sán gangan ni a ó lọ, pé olúkúlùkù wa yóò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, àti pé bí ohunkóhun bá kù díẹ̀ káàtó, a ó padà sílé.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lẹ́bàá Èbúté

Ọjọ́ Sátidé ni. Ọyẹ́ ti fẹ́ débi pé a kò rí orí òkè Patti dáadáa. Èmi, ìyàwó mi, ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, la jọ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní àwa nìkan ni òun yóò gbé. A wọlé, a jókòó. Kò pẹ́ sígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò mìíràn tó ń lọ sí Shintaku ní òdìkejì omi. Ènìyàn mẹ́ta wọlé, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà àpò ìrẹsì àti ewúrẹ́ méjì. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin péré ló wà nínú ọkọ̀. Ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin, ó fi fún bàbá kan tó sanra.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. N kò sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọdá báyìí, kò sì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìgbà náà ni ọmọ mi yẹn yíjú sí mi, ó ní: "Bàbá mi, ṣé èmi kò lè rì ni?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde, mo ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ náà kọ̀ láti dá owó mi padà, àwọn kan sì ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà pé a kò ní ìgbàgbọ́. Mo fi owó náà sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀ lọ́jọ́ náà, àlùhàmúdù lílàhì. Ṣùgbọ́n pé ohun burúkú kò ṣẹlẹ̀ kò sọ pé ohun tí a ṣe dára.

Nínú Súrátù Kahfi, níbi tí omi méjì ti pàdé kan náà ni Ànábì Músá ti ń lépa ìmọ̀, ọkọ̀ àwọn tálákà tó ń ṣiṣẹ́ lójú omi ló sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ohun tí ojú rí bí àdánù lè jẹ́ ààbò. Owó ọkọ̀ tí mo pàdánù ni mo fi rántí ìtàn náà bí mo ti jókòó sórí òkúta létí omi.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, bàbá àgbàlagbà kan, ará Kàkàǹdá, tó ti ń wò wá láti ọ̀ọ́kán, sún mọ́ wa. Ó kí wa ní èdè Haúsá, ó sì fi Yorùbá díẹ̀ kún un. "Málàmù, ẹ ṣe é tí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Omi kò mọ àlejò, kò mọ onílé." Láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ti ṣá lára oòrùn, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ le dáadáa. Ó fúnra rẹ̀ so ti àwọn ọmọ. Iye tó bù fún wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. N kò dúnàá-dúrà.

Lójú Omi

A ṣe àdúà tí a máa ń ṣe bí a bá gun ohun ìrìnnà, ẹ́ńjìnnì búra, èbúté sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lẹ́yìn wa. Inú oṣù Kejìlá ni omi ti ń fà, nítorí náà àwọn erékùṣù yanrìn ti ń yọ orí jáde káàkiri. Bàbá ọlọ́kọ̀ kò tẹ̀ lé ọ̀nà tààrà. Ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ó ń ka ojú omi bí ènìyàn ṣe ń ka wàláà.

Nígbà tí a dé àárín, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ wò ó," ni ó wí. Lápá kan, omi pọ́n bí amọ̀. Lápá kejì, ó mọ́ díẹ̀, ó sì fẹ́ jọ ewé. Àwọn méjèèjì ń ṣàn lọ́wọ́ kan náà, ìlà kan sì wà láàárín wọn tó ń yí kiri bí okùn tí wọ́n jù sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ti ọwọ́ bọ ìhín, ó tún ti ọwọ́ bọ ọ̀hún. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, àfi ìyàwó mi tí mo gbọ́ tó ń sọ "Subhānallāh" jẹ́jẹ́.

Bàbá náà ní àwọ̀ wọn kì í dúró sójú kan, àkókò ló ń pa á dà. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ olókè ní Gíní ni Ọya ti ṣẹ̀, ó sì rìn tó kìlómítà 4,180 kí ó tó dé òkun. Bẹ́núè ti òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù wá, ìrìn tirẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,400. Omi òjò ilẹ̀ wa, tó kún fún ẹrẹ̀, ló máa ń ga jù ní Lọ́kọ́ja ní oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá. Omi tó ti Gíní wá máa ń tẹ́ sílẹ̀ lórí pápá gbalasa kan ní Màlì, ó ń fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń gba oṣù púpọ̀ kí ó tó wọ Nàìjíríà ní mímọ́. Ọlọ́hun tóbi! Omi tí ọmọ mi fi ọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà ti lè rọ̀ bí òjò ní ilẹ̀ tí a kò lálàá rẹ̀ rí.

Orúkọ odò yìí náà pọ̀. Àwa ń pè é ní Ọya, àwọn Haúsá ń pè é ní Kwara, láti ibẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ Kwara ti gba orúkọ.

Ìtàn Tí Odò Náà Gbé

Àwọn ọmọ Lander méjèèjì, Richard àti John, gba ibí kọjá nínú ọkọ̀ lọ́dún 1830, ìrìn wọn ló sì fi han àwọn òyìnbó pé inú òkun ní gúúsù ni Ọya ń wọ̀. Lọ́dún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wá. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, wà nínú ìrìn àjò náà. Nígbà tí dókítà Baikie wá lọ́dún 1854, ó fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kúnìnì lò, gbogbo wọn sì padà láàyè. Òun náà ló tẹ ibùdó òwò dó sí Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí ọdún 1860. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, ìlú yìí ni Lugard ti gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè lórí ilẹ̀ Àríwá.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò gun òkè Patti pé ibẹ̀ ni Flora Shaw dúró sí tó ń wo omi yìí tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti dábàá orúkọ náà, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní ọdún 1897. Ọdún 1902 ni ó tó di ìyàwó Lugard.

Ọ̀rá Omi Kan

Oòrùn mú. Ọmọ mi ọkùnrin mu omi inú ọ̀rá tán, ó sì ju ọ̀rá rẹ̀ sínú odò. N kò tilẹ̀ kíyè sí i, nítorí ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Bàbá ọlọ́kọ̀ kò sọ ohunkóhun. Ó kàn yí ọkọ̀ padà, ó lépa ọ̀rá náà, ó fi àjẹ̀ fà á mọ́ra, ó sì gbé e sí ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Nígbà tó ṣe, ó ṣàlàyé. Ọ̀rá máa ń wé mọ́ ohun tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì kú láàárín ìgbì. Ọ̀rá ló ń kún inú àwọ̀n wọn ju ẹja lọ nígbà mìíràn. Ó nawọ́ sí àwọn apẹja méjì tó ń fa àwọ̀n lápá kejì. "Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ẹja tí bàbá mi ń dà padà sómi tóbi ju èyí tí wọ́n ń tà lónìí lọ." Ó ní àwọn kan ń lo àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí. Àwọn mìíràn ń da Gamalíìnì sómi, oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò oko, kí ẹja lè léfòó lọ́pọ̀ yanturu. Ẹja yìí la ń gbé sílé jẹ! Ó tún sọ nípa ayù, ẹran omi ńlá tó ń jẹ koríko, tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi, tí àwọn ènìyàn sì ti pa débi pé ó ti di ọ̀wọ́n.

Nítòsí ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń rì sínú omi pẹ̀lú garawa, wọ́n sì ń gbé yanrìn gòkè sínú ọkọ̀ onígi. Mo ka orí mi: ọ̀kan nínú wọn pẹ́ lábẹ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tí àyà mi fi já. Yanrìn náà ni a fi ń kọ́ ilé wa. N kò lè bú wọn, nítorí oúnjẹ òòjọ́ wọn nìyẹn. Síbẹ̀, ibi tí a bá ti wa yanrìn ju bó ti yẹ lọ, bèbè odò a máa wó, ibi tí ẹja ń yé sí a sì dàrú.

Ìgbà náà ni mo rí ìdáhùn ọ̀rọ̀ ọmọ kíláàsì mi. Omi tiwa kò ní iyùn, ṣùgbọ́n bí iyùn ṣe ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó tó dàgbà, tí omi tó gbóná jù sì ń sọ ọ́ di funfun tó sì ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni odò tiwa náà ṣe rọrùn láti bàjẹ́. Súrátù Rūm ti kìlọ̀ fún wa nípa ìbàjẹ́ tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń fà sórí ilẹ̀ àti ojú omi. Ọmọ mi ká ọ̀rá náà, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

Nígbà Tí Omi Bá Bínú

Bí a ti ń padà bọ̀, bàbá náà fi ọwọ́ han wá ibi tí omi gùn dé lọ́dún 2012. Ilé rẹ̀ wà nínú àwọn tó bá a lọ. Lọ́dún náà, àkúnya omi lé ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò nílé jákèjádò Nàìjíríà, ó pa 363, ó sì dí ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2022, àwọn tó kú káàkiri orílẹ̀-èdè lé ní 600. Òjò ló pọ̀ jù nínú ohun tó fà á, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù náà máa ń kún un. Ìdídò tí ó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ sí Dasin Hausa láti gba omi náà dúró kò parí. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló jọ wà nínú àjọ tó ń mójú tó agbada odò Ọya, nítorí pé ohun tí ẹni òkè bá ṣe, ẹni ìsàlẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Lórí erékùṣù yanrìn kan ni a ti sọ̀ kalẹ̀ kí ìrun. A ṣe àlùwàlá létí omi. Mo rán àwọn ọmọ létí pé a kì í fi omi ṣòfò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò tó ń ṣàn ló wà níwájú ẹni. A kí ìrun Àìlà ní pípé, nítorí a kò rìn jìnnà débi tí a ó fi dín in kù. Bàbá ọlọ́kọ̀ ni mo bẹ̀ kí ó ṣe lèmọ́mù wa.

Bí Ẹ̀yin Náà Bá Fẹ́ Lọ

Ẹ lọ ní ọ̀sán, ẹ má gun omi lóru láé. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni omi máa ń rọlẹ̀. Ẹ yẹra fún oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Ẹ ka láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ka ènìyàn. Bí kò bá kárí, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Lọ́kọ́ja ni olú ilé-iṣẹ́ NIWA wà, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀nà ojú omi wa, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti béèrè ìlànà. Ẹ gbé àpò kan dání tí ẹ ó kó ìdọ̀tí yín sí, kí ẹ sì gbé e padà wálé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí a wọlé padà, mo sọ fún ọmọ kíláàsì mi ohun tí mo rí. Ó béèrè pé: "Alfa, ṣé ẹ̀rù kò bà yín?" Mo dá a lóhùn pé ẹ̀rù bà mí lórí ilẹ̀, nígbà tí mo dákẹ́. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọkàn mi balẹ̀ lójú omi.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo gbogbo àwọn tó ń rin ìrìn àjò lórí ilẹ̀ àti lójú omi, kí Ó foríji àwọn tó ti bá omi lọ, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá odò yìí láàyè. Àmín.